Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Máa Fi Ohùn Kan Bá Wa Sọ̀rọ̀

Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa tún dé bí ó ti máa ń dé lọ́dọọdún, mo sì mọ̀ pé ohun tí púpọ̀ nínú yín ń retí láti kà níbí ni ọ̀rọ̀ lórí ewì, ìtàn àròsọ, oríkì orílẹ̀, tàbí àríyànjiyàn lórí gírámà. N kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìkankan nínú wọn lónìí. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kéré lójú: àwọn gbólóhùn kúkúrú tí fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń bá wa sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá, àti bí ọ̀rọ̀ wọn àti àmì wọn kò ṣe bára mu. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan, kí ó rántí pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ohun tí ó mú mi gbé kálámù nìyí. Ládìpọ̀ ni ilé wa wà, ní agbègbè Mushin ní Èkó. Ẹni tí kò bá tíì dé Ládìpọ̀ rí yóò ti gbọ́ nípa ọjà páàtì ọkọ̀ tí ó wà níbẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá. Màámi ń ta oúnjẹ fún àwọn oníṣòwò àti àwọn mẹkáníìkì ọjà náà. Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ Yorùbá kà dáadáa. Aláwìíyé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ Ìsinmi kan tí kì í ka Bíbélì Yorùbá rẹ̀. Nígbà tí ètò ìfowóránṣẹ́ kan jáde lórí fóònù, tí wọ́n ní èdè Yorùbá wà nínú rẹ̀, èmi gan-an ni mo bá a yí i sí Yorùbá. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ní ọmọ tí ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì náà rí ohun kan ṣe fún ìyá rẹ̀.

Ó di ọjọ́ kan, Màámi fẹ́ san ₦42,000 fún kọ́sítọ́mà rẹ̀ tí ń ta ìrẹsì ní ọjà Dáléko. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, ó ti fi fóònù san owó iná mànàmáná. Ó tẹ owó ìrẹsì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí, kò lọ, kò bọ̀. Nígbà tí ó ṣe, gbólóhùn méjì hàn lójú fóònù: "Ìfiránṣẹ́ kò tíì yọrí. Tún un ṣe". Bí ó ti ń wò ó lọ́wọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé: "Isanwo yin ti yori". Màámi ro ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Fóònù ní "ìfiránṣẹ́", àtẹ̀jíṣẹ́ ní "ìsanwó". Ó ní ìsanwó ni ti iná tí òun san láàárọ̀, ìfiránṣẹ́ sì ni ti ìrẹsì. Fóònù tilẹ̀ ti pàṣẹ pé kí òun tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Bí owó ṣe lọ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Nígbà tí mo délé lálẹ́, mo yí fóònù náà sí Gẹ̀ẹ́sì kí n lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì lò ní ibi méjèèjì. Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ ni ó pè é ní ìfiránṣẹ́ níhìn-ín, tí ó pè é ní ìsanwó lọ́hùn-ún. Mo tún rí i pé àmì ìbéèrè wà lẹ́yìn gbólóhùn kejì nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè ni wọ́n bi oní-Gẹ̀ẹ́sì. Àṣẹ ni wọ́n pa fún oní-Yorùbá. Àmì ìbéèrè sọnù lójú ọ̀nà, kò sì sí "ṣé" tàbí "ǹjẹ́" tí ó dípò rẹ̀.

Kọ́sítọ́mà Màámi ṣe bí ọmọlúwàbí, ó dá owó náà padà, ṣùgbọ́n ó ti fi í ra ọjà kí a tó pè é, ó sì gba ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ó tó rí i kó jọ. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, àwìn ni Màámi fi ń dáná. Kò bá mi jà. Ohun tí ó wí ni pé, "Mo ti rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó máa ń tan èèyàn jẹ." Ó ní kí n dá fóònù òun padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Inú Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó wà títí di òní.

N kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà nítorí pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bá wíjọ́. Àṣìṣe náà ju ti ẹnì kan lọ. Ó tọ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Ẹni tí ó ń túmọ̀ ìwé ìtàn rí odindi ìwé níwájú rẹ̀. Ó mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ó mọ ẹni tí à ń bá wí, ó mọ ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó kọ ètò kọ̀ǹpútà yóò yọ gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀ jáde, wọn óò tò wọ́n sílẹ̀ bí ẹni to ata sórí àtẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Olùtumọ̀ yóò máa ṣà wọ́n mú lọ́kọ̀ọ̀kan láìmọ ojú ewé tí gbólóhùn náà ti wá. Ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ tí a ń lò jù fún iṣẹ́ yìí ni GNU gettext, tí ó ti wà láti 1995. Nínú gettext, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ fi ń wá ìtumọ̀ rẹ̀. Bí eyín kọ́kọ́rọ́ bá sì yàtọ̀ díẹ̀, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Bí ẹni tí ó kọ ètò bá kọ "File not found" ní ibì kan láìní àmì ìdánudúró, tí ó tún kọ "File not found." ní ibòmíràn pẹ̀lú àmì ìdánudúró, ẹ̀rọ kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Wọn óò túmọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá wá jẹ́ pé olùtumọ̀ méjì ni ó pín iṣẹ́ náà, ọ̀kan lè kọ pé "A kò rí fáìlì náà", kí èkejì kọ pé "Fáìlì kò sí". Ẹni tí ń lo ẹ̀rọ yóò rò pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ṣẹlẹ̀.

Ó tún kù. Bí ọ̀gá tí ó kọ ètò náà bá padà wá lọ́dún tí ń bọ̀, tí ó fi àmì ìdánudúró kan kún gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ìtumọ̀ Yorùbá tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ kò bá a mu mọ́. Nígbà tí wọ́n bá tún àkójọ ọ̀rọ̀ náà tò, gettext yóò sààmì sí ìtumọ̀ yẹn pé ó di ohun iyèméjì, kò sì ní í lò ó títí ẹnì kan yóò fi wá yẹ̀ ẹ́ wò. Títí di ìgbà náà, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa yọjú láàárín Yorùbá. Ẹ wo àmì tí kò tó orí abẹ́rẹ́, òun ni ó lé Yorùbá jáde kúrò nínú ilé.

Àwọn ará Ládìpọ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwa tí a wà ní yunifásítì lọ. Ẹ lọ sí ọjà náà, kí ẹ ní ẹ fẹ́ ra ṣọ́ọ̀kì Toyota. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò bi yín pé, "Nọ́ńbà rẹ̀ ńkọ́?" Toyota máa ń fi nọ́ńbà márùn-ún àkọ́kọ́ sọ irú páàtì tí ó jẹ́, a sì fi ìyókù sọ irú ọkọ̀ tí a ṣe é fún. 48510 ni ṣọ́ọ̀kì iwájú ní apá ọ̀tún. 48520 ni ti apá òsì. Ení àti èjì péré ni ó yà wọ́n. Yorùbá ń tajà níbẹ̀, Ìgbò ń tajà níbẹ̀, èdè kò ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n n kò rí i kí wọ́n jà lórí nọ́ńbà rí. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá ní "ẹ jẹ́ kí á mú èyí, wọ́n jọra" kò ní í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n jókòó sídìí ọtí, ọ̀gá kan náà yóò fi orúkọ méje pe ṣọ́ọ̀kì yẹn, yóò fi í pòwe, yóò fi í bú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń tiro. Ọ̀rọ̀ eré ni ìyẹn. Nígbà tí a bá ń pe páàtì, orúkọ kan ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àṣà òyìnbó nìyí. Àwọn baba wa ní àrokò. Owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ tí wọ́n kọjú síra ń sọ ti ìfẹ́ àti ìrẹ́pọ̀. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ọ̀tá ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹyọ méjì kan náà ni, okùn kan náà ni; ọ̀nà tí a gbà so wọ́n ni ó gbé ìtumọ̀ wọn. Ẹni tí ó di àrokò kò ní í sí níbẹ̀ nígbà tí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí bá ń tú u, nítorí náà kò lè so ó bí ó ti wù ú. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ jẹ́ àrokò òde òní. Bí ó bá hàn lójú fóònù, ẹni tí ó kọ ọ́ kò sí nítòsí láti ṣàlàyé pé ohun tí òun ń sọ kọ́ nìyẹn. Ẹ wo Ifá náà. Babaláwo kan lè ki ẹsẹ̀ kan gùn ju bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kì í lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ Ọ̀yẹ̀kú sórí ọpọ́n, Ọ̀yẹ̀kú ni yóò pè é.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Yorùbá yóò bá irú ìṣòro yìí pàdé. Ní 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Bí ìwé ti ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà ìkọ̀wé ń ya ara wọn, títí wọ́n fi pe ìpàdé ní Èkó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Nígbà tí ó tó àkókò láti tún un yẹ̀ wò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní 1965, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yan ìgbìmọ̀ ní 1966, wọ́n sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Ìdí nìyẹn tí "aiye" fi di "ayé", tí "yio" fi di "yóò", tí "enia" fi di "ènìyàn". Nígbà tí ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fẹ́ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ tí gbogbo olùkọ́ yóò jọ máa lò. Ní 1984 ni apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, Bámgbóṣé ni olóòtú rẹ̀. Apá kejì jáde ní 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ni olóòtú. Lónìí, bí olùkọ́ bá sọ pé "ọ̀rọ̀-ìṣe", kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń béèrè pé èwo nìyẹn. Àwọn àgbà wa jókòó, wọ́n jiyàn, wọ́n yan ọ̀kan, wọ́n sì fara mọ́ ọn.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí ti ẹ̀rọ náà, a kò gbọdọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Microsoft ti gbé Windows jáde ní Yorùbá. Yorùbá wọ inú Google Translate ní December 2013. Wikipedia ní ti Yorùbá, àwọn ènìyàn sì ń fi àyè ara wọn túmọ̀ gbólóhùn inú ẹ̀rọ rẹ̀ lórí translatewiki.net láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Alt-i ní Ìbàdàn ti ń làkàkà lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá àti kọ̀ǹpútà tipẹ́. Ṣùgbọ́n kálukú ló ń gbẹ́ ère tirẹ̀. Fún ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí a fi ń wọlé sórí ẹ̀rọ nìkan, mo ti ka "ọ̀rọ̀ aṣínà", mo ti ka "ọ̀rọ̀ ìpamọ́", mo ti ka "ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé", mo sì ti ka "páásíwọ́ọ̀dù". Kò sí èyí tí kò dára nínú wọn. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí fóònù kan ni kò dára.

Níbo wá ni ó yẹ kí á ti fẹnu kò? Ojú mi tó nǹkan márùn-ún.

Èkíní, kí ohun kan ní orúkọ kan. Bí a bá ti pè é ní ìfiránṣẹ́ lójú ewé kìíní, kí ó máa jẹ́ ìfiránṣẹ́ títí dé òpin, kí àtẹ̀jíṣẹ́ tí yóò tẹ̀ lé e náà pè é bẹ́ẹ̀. Ó ṣòro fún àwa tí a kọ́ ewì, nítorí wọ́n ti kọ́ wa pé àwítúnwí láìyí ọ̀rọ̀ padà a máa sú etí. Ẹ̀rọ kì í ṣe akéwì.

Èkejì, ọ̀rọ̀ "o" àti "ẹ". Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọmọdé àti àgbà, kì í bi olùtumọ̀ pé ta ni à ń bá sọ̀rọ̀. Yorùbá ń bi í. Mo ti rí ètò kan tí ó kí ènìyàn ní "Ẹ kú àbọ̀" lẹ́nu ọ̀nà, tí ó sì wí fún un ní yàrá pé "Tẹ nọ́ńbà rẹ". Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àlejò, a ó fa etí rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹ̀rọ máa fi "ẹ" bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀. Kò sí ọmọdé tí ọ̀wọ̀ pa rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyè sí bọ́tìnì. Lórí bọ́tìnì, ènìyàn ni ó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, nítorí náà "Fi ránṣẹ́" àti "Tún un ṣe" tọ́ láìsí "ẹ". Nínú iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń jẹ́ fún wa, ẹ̀rọ ni ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bí a bá fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, "Tún un ṣe" kò bá má ti hàn sí Màámi bí àṣẹ láti ẹnu fóònù rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, àwọn àmì tí a fi ń pín gbólóhùn. Bí odindi gbólóhùn bá ni, kí ó ní àmì ìdánudúró. Bí orúkọ tàbí bọ́tìnì bá ni, kí ó má ní. Bí ìbéèrè bá ni, kí ó ní àmì ìbéèrè, kí ó sì tún ní "ṣé" tàbí "ǹjẹ́" níwájú níbi tí kò bá ti sí ọ̀rọ̀ aṣèbéèrè mìíràn. Àmì ìbéèrè nìkan tó fún Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá kì í fi ohùn òkè lásán béèrè bẹ́ẹ̀ lọ títí, nítorí ohùn ti níṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe nínú èdè wa.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn tí ń kọ ètò fún wa ní odindi gbólóhùn, kí wọ́n má ṣe fún wa ní ègé. Àwọn kan máa ń so ọ̀rọ̀-ìṣe kan mọ́ orúkọ fáìlì, kí wọ́n rò pé ó parí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là wà: pa… rẹ́, ba… jẹ́, dá… dúró. "Parẹ́ àwòrán" kì í ṣe Yorùbá. "Pa àwòrán rẹ́" ni Yorùbá. Bí ẹ̀rọ bá fún olùtumọ̀ ní ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, tí ó lọ fi orúkọ àwòrán sí ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, kò sí bí olùtumọ̀ yóò ṣe là á. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye. Gẹ̀ẹ́sì ń yí ọ̀rọ̀-orúkọ padà bí ó bá ju ẹyọ kan lọ. Tiwa kì í yí: fáìlì kan, fáìlì mẹ́wàá. Àkójọ ìmọ̀ èdè tí àjọ Unicode ń tọ́jú náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni Yorùbá nílò níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti nílò méjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ni iye ń gbé lọ́dọ̀ wa, iwájú ni ó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Odindi gbólóhùn nìkan ni ó lè jẹ́ kí á gbé e sí ipò rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n bí àmì ohùn bá gun orí ẹ tàbí ọ, kò sí nọ́ńbà kan fún un mọ́. A ní láti fi ègé pọ̀ mọ́ ègé ni. Ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ láti orí "ọ" kí ó fi àmì ohùn lé e, ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti orí "ò" kí ó fi tóótòó sí i nísàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan ni wọ́n. Unicode ní ìlànà tí ó lè sọ irú méjèèjì di ọ̀kan, bí ẹni tí ó kọ ètò bá rántí lò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi ìlà kékeré sí abẹ́ lẹ́tà dípò tóótòó, ìlànà náà kò kà wọ́n sí ọ̀kan rárá. Ẹni tí ó bá wá "Ọ̀ṣun" pẹ̀lú tóótòó lè má rí "Ọ̀ṣun" tí wọ́n fi ìlà kọ. Ti àtẹ̀jíṣẹ́ tún wà níbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160 bí ó bá jẹ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán. Bí "ẹ" kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, 70 ni yóò gbà mọ́. Nítorí owó, àwọn ilé-iṣẹ́ a máa gé gbogbo àmì dànù. Owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀, gbogbo wọn di "owo". Mo gbà pé owó ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ kan di àtẹ̀jíṣẹ́ méjì sàn ju kí ó di àdììtú lọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ̀ láti fi àmì sí i, ọ̀rọ̀ tí ó wà lójú fóònù ni kí wọ́n lò, kí wọ́n má ṣe gbé òmíràn wá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní kí la fẹ́ fi Yorùbá ṣe nínú fóònù, ṣebí gbogbo ayé ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n wá sí Ládìpọ̀ ní agogo méjìlá ọ̀sán kí wọ́n wá kà mí iye ẹni tí ó gbọ́ ọ dé ibi tí yóò fi owó rẹ̀ lé e lórí. Àwọn mìíràn yóò ní a fẹ́ dí èdè lọ́nà, pé adùn Yorùbá wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé Ìjẹ̀bú ní tirẹ̀, Èkìtì ní tirẹ̀. Òtítọ́ ni. N kò ní kí Èkìtì má sọ Èkìtì mọ́. Àkọtọ́ 1974 kò pa ẹ̀ka-èdè kan. Ọ̀nà tí a ó máa gbà kọ ìwé nìkan ni ó sọ. Àwọn kẹta yóò ní ẹ̀rọ ti ń túmọ̀ èdè fúnra rẹ̀ báyìí, kí ni a tún ń da ara wa láàmú sí. Níbo ni ẹ̀rọ ti ń kọ́ ọ? Inú ohun tí a ti kọ sílẹ̀ ni. Bí ó bá bá ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún ohun kan níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò máa pọ̀ síta fún wa. Ohun tí a bá gbìn ni a ó ká.

Kí wá ni ṣíṣe? N kò ní í ju ẹrù gbogbo lé ìjọba lórí. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa lè bẹ̀rẹ̀. Kí á kó 300 gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ jù nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà jọ, kí àwọn olùkọ́ wa jókòó lé wọn lórí bí wọ́n ti ṣe fún èdè-ìperí, kí á yan ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí á sì kọ òfin "ẹ" àti ti àmì sí ojú ewé kan péré. Kí àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà bá wa dá sí i, nítorí àwọn ni wọ́n mọ ibi tí ègé ti ń so mọ́ ègé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní ọdún ìkẹyìn lè fi í ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ láìsí pé wọn yóò sọ fún un pé kì í ṣe lítíréṣọ̀, kì í ṣe gírámà. Kí á tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí á gbé e lọ sí ọjà, kí á kà á fún ẹni mẹ́wàá tí ó dà bí Màámi, kí á bi wọ́n pé kí ni ẹ gbọ́. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ní lọ́kàn.

Kí á sì tó na ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí á wo tilé. Nínú ìwé ìròyìn wa yìí lọ́dún tí ó kọjá, ọ̀nà mẹ́ta ni a gbà kọ "yunifásítì", èmi ni mo sì kọ ọ̀kan nínú wọn. Olóòtú ọdún yìí, ọwọ́ yín ni a wà.

Mi ò sọ pé ẹ̀rọ ni yóò gba Yorùbá là. Ohun tí mo ń sọ ni pé obìnrin kan wà ní Ládìpọ̀ tí ó ka Yorùbá, tí ó gba ohun tí ó kà gbọ́, tí ó sì san owó lé e lórí. Ọjọ́ tí mo bá lè gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí n yí i sí Yorùbá láìfòyà, ni n ó tó gbà pé a ti ṣe iṣẹ́ tí a wá ṣe ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí. Ire o.